Ìpín Ọmọ Nínú Ìkòkò

Ẹ̀kọ ni wọ́n fi ń kí ọmọ Yorùbá káàbọ̀ sídìí oúnjẹ. Kì í ṣe iyán, kì í ṣe àmàlà, kì í sì í ṣe ẹ̀wà. Ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n ti fẹ́ títí tó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Òun la jẹ dàgbà, òun làwọn tó bí wa jẹ dàgbà, nítorí náà ẹni tó bá dìde pé òun fẹ́ bá ẹ̀kọ wí, kó yáa múra ìjà sílẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ iwájú ìyá ọkọ ló ti fẹ́ sọ ọ́. Èmi ò bá ẹ̀kọ wí. Ohun tí mo ń rò láti ìgbà tí ọmọ mi kejì ti pé oṣù mẹ́fà ni pé àwa la gbé iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀kọ lọ lé e lọ́wọ́, tí a wá ń wo ojú ọmọ pé kí ló dé tí kò sanra.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ògì ṣe ń dé inú ìkòkò. A ó ṣa àgbàdo, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀, tí òórùn kíkan yóò sì máa yọ lára rẹ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, a ó sì sẹ́ ẹ. Ohun tó gba inú asẹ́ kọjá ni ògì, ohun tó kù sókè ni eèrí. Kíkan yẹn dára. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń mú ògì kan kì í jẹ́ kí àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru ráyè ṣe bó ṣe wù wọ́n níbẹ̀. Àwọn ìyá wa kò fojú rí kòkòrò kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé omídùn kì í ṣe omi lásán, òun ni wọ́n fi ń rẹ àgbo. Ibi sísẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ibi kékeré tí èéhù ti ń yọ lára hóró àgbàdo ló kó ọ̀pọ̀ ọ̀rá rẹ̀ sínú, pẹ̀lú purotéènì tó dára jù níbẹ̀ àti púpọ̀ nínú èròjà irin tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dá ṣáṣá. Asẹ́ máa ń gba púpọ̀ nínú ìyẹn sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo. Ta ló sì ń jẹ eèrí? Ewúrẹ́ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń jẹ ẹ́. Iná kò tíì ràn lábẹ́ ìkòkò tí ẹran ọ̀sìn ti gba ìpín tirẹ̀, ìpín náà sì dára ju ti ọmọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni omi yóò gba tirẹ̀. Ẹ̀kọ tí àgbà fi ń jẹ àkàrà máa ń ki díẹ̀, ti ọmọ ni a máa ń bomi là, kó má baà há a lọ́fun. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà kò sì ju kí ife kékeré kan kún un lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀: ọmọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ tó ń mu ọyàn dáadáa nílò nǹkan bí 200 kálórì láti inú oúnjẹ mìíràn lóòjọ́, tó bá di oṣù mẹ́sàn-án, ó di nǹkan bí 300, tó bá ti pé ọdún kan, ó ń lọ sí 550. Igba kálórì kò pọ̀ rárá lójú àgbà. Àmọ́ tí ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí ọmọ gbé mì bá jẹ́ omi, ikùn á kún kí agbára tó dé. Ọmọ á yó, á sùn, ìyá á dúpẹ́, ara ọmọ nìkan ló mọ̀ pé ebi ṣì ń pa òun.

Ohun tí nọ́ọ̀sì fi ń dán ẹ̀kọ ọmọ wò kò le: ẹ bù ú sí ṣíbí, kí ẹ dẹ ṣíbí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá dúró lórí ṣíbí, oúnjẹ ni. Tó bá yára ṣàn lọ, omi lẹ fẹ́ fún ọmọ mu. Àwọn kan á ní ẹ̀kọ tó ki máa ń dì pọ̀ jù, ọmọ kò ní lè gbé e mì. Òótọ́ ni, sítáàṣì àgbàdo a máa wú tó bá rí iná. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mọ ohun tí a lè ṣe sí i, bí wọn ò tilẹ̀ pè é ní oúnjẹ ọmọ: àgbàdo tí a jẹ́ kó hù, tí a sá gbẹ, tí a sì lọ̀ kúnná, tí a bá po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ tó ki, ẹ̀kọ náà á tú, á rọ̀, láìfi omi kún un. Ẹ kàn tún gbé e padà síná kó hó dáadáa. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí ju gbogbo èyí tí wọ́n kọ́ mi lọ. Ó dùn mọ́ mi pé ìdí ọtí ni ó ti wá.

Ní 1933, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jamaica, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òní, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ń mú àwọn ọmọ tí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ọyàn bọ́ sórí oúnjẹ àgbàdo. Ẹsẹ̀ wọn á wú, irun wọn á pọ́n, awọ ara wọn á máa bó. Àwọn tó gbọ́njú nígbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970, mọ àìsàn náà láti inú àwòrán, wọ́n sì mọ orúkọ rẹ̀, kwashiorkor. Púpọ̀ nínú wọn rò pé ogun ló bí i. Kí ogun tó dé ló ti wà, ó wà nínú ilé tí àgbàdo kún àká. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù: ọmọ lè ṣàìsàn àìjẹunre-kánú nínú ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ń jẹun yó.

Kì í sì í ṣe pé a kò rí ẹni kọ́ wa. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Òṣòdì, tí wọ́n ń pè ní FIIRO, ti ṣe sóyà-ògì tipẹ́tipẹ́, ògì tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí ìlera gbé ohun kan tọ àwọn ìyá lọ tí wọ́n pè ní Ẹ̀kọ Ìlera: ògì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa àti ṣúgà. Lókè Ọya, Tom Brown ló gbòde, ìwọ̀n ọkà mẹ́fà, ìwọ̀n sóyà mẹ́ta, ìwọ̀n ẹ̀pà kan, gbogbo rẹ̀ ní yíyan kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí gbogbo wọn. Ohun tí purotéènì àgbàdo ṣaláìní, ẹ̀wà ní i, ohun tí ẹ̀wà ṣaláìní, àgbàdo ní i. Tí wọ́n bá pàdé nínú abọ́ kan, ara ọmọ á rí ohun tó lè lò. Àwọn tó ń ta ògì ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn pàápàá ti mọ èyí. Ẹ ó rí wọn tí wọ́n ń ta ògì aláwọ̀ pípọ́n díẹ̀ tí wọ́n ní sóyà, ẹ̀pà àti ọkà bàbà wà nínú rẹ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, sóyà tí a kò bá sè tàbí yan dáadáa kì í jẹ́ kí ara ọmọ lo purotéènì inú rẹ̀. Ẹ bi oníògì léèrè kí ẹ tó sanwó.)

Tí ìmọ̀ bá ti wà tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá kù? Mo rò pé orí èlò ni àwọn tó ń kọ́ wa máa ń gùn lé: kó èyí, lọ ìyẹn, yan tọ̀hún. Wàhálà kò sí níbẹ̀. Ìdí ìpín ló wà.

Ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń bu ọbẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá ilé ló ni ẹja ńlá. Àlejò tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ tó ti lè dá jẹun á gba tiwọn lọ́wọ́ ara wọn, ìyá á sì jẹ ìrù. Ọmọ tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ kọ́? Wọ́n á fi omi ọbẹ̀ sí ẹ̀kọ rẹ̀. Wọ́n á ní agbára ẹran ti bọ́ sínú omi ọbẹ̀ tán, pé ìṣù tó kù lásán ni àwa àgbà ń jẹ. N kò tíì rí bàbá kan tó gba èyí gbọ́ débi pé ó gbé ẹran rẹ̀ fún ọmọ, tó wá mu omi ọbẹ̀ ní tirẹ̀. Omi ọbẹ̀ dùn, ó ní iyọ̀, ó ní ọ̀rá díẹ̀. Purotéènì àti èròjà irin, inú ẹran àti ẹja ni ọ̀pọ̀ jù wọn jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀, tí a bá fi ìwọ̀n ara wé e, ọmọ náà ló nílò irin jù nínú gbogbo àwọn tó jókòó. Láti inú oyún ni ọmọ ti ń kó irin pamọ́ sára. Tó bá fi máa pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ìpamọ́ náà ti ń lọ sílẹ̀. Irin inú ọyàn kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń wọ ara dáadáa. Ara ìdí nìyí tí wọ́n fi ní ká fún ọmọ ní ọyàn nìkan títí di oṣù mẹ́fà, kí oúnjẹ mìíràn wá dara pọ̀ mọ́ ọn, kí ọyàn sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2023, wọ́n sọ ọ́ kedere pé kí ẹran, ẹja tàbí ẹyin wà nínú oúnjẹ ọmọ lójoojúmọ́.

Ẹyin! Ẹ sọ ọ́ níwájú àwọn àgbà kan kí ẹ wo ojú wọn. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, wọ́n sì ń sọ ọ́ nípa ẹran náà. Nígbà kan mo máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti wá rò ó wò. Nígbà tí adìyẹ ń yé sí ẹ̀yìnkùlé, ẹyin kan jẹ́ adìyẹ kan lọ́la, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti mọ́ ọn lára lè lọ wá a nínú ìtẹ́. Ọ̀rọ̀ ajé ló wọ aṣọ ìwà. Ṣùgbọ́n kíréètì ni ẹyin ń wọ̀ dé ilé báyìí, kò sí adìyẹ kankan tó ń sàba níbẹ̀, èèwọ̀ sì wà níbi tó wà, ó ń ṣọ́ ohun tí kò sí mọ́.

Ohun tí èmi ń ṣe kò ní àrà nínú. Kí ata tó wọ ìkòkò ni mo ti ń yọ ìpín ọmọ sọ́tọ̀. Tí mo bá ń se ẹ̀wà, á jiná títí á fi fọ́ fúnra rẹ̀, mo bu ti ọmọ sínú asẹ́, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kí èèpo kù sókè, mo kán epo pupa sí i, mo ya ẹja lé e. Ewé tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tí mo ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ á wọ̀ ọ́. Ọ̀dùnkún tàbí iṣu ni mo ń gún ẹ̀dọ̀ adìyẹ mọ́. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ kò wọ́n bí ẹran, ó rọ̀, irin sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n kò fẹ́ iná, píà kò fẹ́ iná, ìbẹ́pẹ náà kò fẹ́ ẹ, fọ́ọ̀kì àti ọwọ́ tó mọ́ ti tó. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣíbí méjì sí mẹ́ta ni ọmọ máa ń jẹ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló fi ń gòkè dé ìlàjì ife. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án. Kò sí iyọ̀ nínú tirẹ̀, kò sí kọ́ńbù magí, kò sí ṣúgà. Ahọ́n ọmọ kò tíì mọ̀ pé ohun kan kù.

Ìwé àwọn òyìnbó lórí oúnjẹ ọmọ máa ń sọ pé kí ìyá se é pọ̀ lọ́jọ́ kan, kó dà á sínú abọ́ yìnyín kékeré, kó fi sínú fírísà, kó máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dára fún ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kì í lọ. Níbi tí èmi ń gbé ní Ìbàdàn, fírísà jẹ́ àpótí tí a ń kó nǹkan sí nígbà tí a ń retí iná. Oúnjẹ ọmọ tó bá ti yọ́ tó tún dì, ilé àìsàn ni. Ẹ̀kọ inú fúláàsì tí wọ́n ń bù fún ọmọ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kò sàn ju ìyẹn lọ. Oúnjẹ ọmọ tí a ti sè kò yẹ kó ju wákàtí méjì lọ láìsí nínú òtútù. Àmọ́ àwa náà ní fírísà tiwa tí kò bá iná mànàmáná ṣe nǹkan kan pọ̀, oòrùn àti èéfín ni. Ẹja àrọ̀ gbígbẹ ni mo ń rà, mo yọ egungun rẹ̀ títí kò fi ku abẹ́rẹ́ kan, mo tún un yan lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kó lè dún pákápáká, mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú edé tí mo ti ṣà, tí mo sì ti fọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kúrò. Inú ìgò gbígbẹ tó ní ìdérí ni ó ń wà. Ṣíbí kan á bọ́ sínú ẹ̀kọ bó ṣe ń hó, ẹ̀kọ náà á di oúnjẹ. Ẹ̀pà náà ń wà nínú ìgò tirẹ̀, àmọ́ ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣà á: èyí tó bá ti hu, tó dúdú, tàbí tó ti súnkì kì í wọlé rárá. Oró tí olú tó ń mú wọn hu ń tú sínú ẹ̀pà àti àgbàdo kì í kúrò torí pé a yan án.

Ìyá ọkọ mi wá kí wa nígbà tí Àdùkẹ́, ọmọ mi kejì yìí, ń kọ́ bí wọ́n ti ń jẹun. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń na ṣíbí sí i, tó ń yẹ̀ ẹ́, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń gba díẹ̀, tó ń tu díẹ̀.

“Ìyá Àdùkẹ́, ṣé bó o ṣe máa jókòó tì í nìyí tí ilẹ̀ á fi ṣú?”

Mo ní, “Mà, ó ń jẹ ẹ́ ni, kò kàn kánjú ni.”

“Hẹn-ẹn. Kí iná tó kú lábẹ́ àdògán ni mo ti máa ń rọ bàbá rẹ̀ yó.”

Wọn kò parọ́. Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa ti rí i: ìyá á jókòó sórí àpótí, á tẹ́ ọmọ sórí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ṣe agbada sí ẹnu rẹ̀, á máa da ẹ̀kọ sí i, tí ọmọ bá ké, ẹ̀kọ á wọlé, tí kò bá ké, wọ́n á di imú rẹ̀. Àwọn dókítà sọ pé ó léwu, oúnjẹ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn lọ́jọ́ náà ni pé ọwọ́ tó ń rọ ọmọ kò lè rọ ohun tó ki. Kí ẹ̀kọ tó lè gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá lọ sọ́nà ọ̀fun, ó gbọ́dọ̀ ṣàn bí omi. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló sọ ẹ̀kọ ọmọ di omi, ọwọ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Kí ló sì bí ọwọ́ yẹn? Àìráyè ni. Obìnrin tó ní láti dé ọjà kí oòrùn tó mú, tó ní ọmọ mẹ́rin mìíràn, tí oko tàbí ìsọ̀ ń dúró dè, níbo ló ti fẹ́ rí àkókò tí yóò fi máa na ṣíbí sí ọmọ tó ń ṣeré? Ìyá ọkọ mi ta aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn dé Ọjà Ọba, wọ́n sì tọ́ ọmọ méje. N kò lẹ́nu láti bá wọn wí. Mo kàn rí i pé ìpín tí mo ń sọ kò mọ sórí ẹja nìkan. Ìpín nínú ọjọ́ ìyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tó bá sì ní kí ìyá fi ṣíbí bọ́ ọmọ pẹ̀lú sùúrù, kó sọ ẹni tí yóò bá a pọn omi.

Àwọn kan ti fi agolo dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Oúnjẹ inú agolo ti di ohun tí wọ́n fi ń mọ ilé tó rí jájẹ. Àlejò á wọlé, á rí i lórí fíríìjì, á mọ̀ pé nǹkan ń lọ dáadáa. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ń fi irin àti fítámì sí púpọ̀ nínú wọn, èyí tí ẹ̀kọ lásán kò ní. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, nítorí pé ó sì wọ́n, kí agolo má baà tètè tán, wọ́n ń bomi là á. A tún padà sídìí omi nìyẹn, pẹ̀lú owó tó ti lọ.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Peckham, lápá gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ń rí ògì rà lórí Rye Lane, ó ń rí ẹja àrọ̀ gbígbẹ rà, àníyàn tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Ó pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀pà tí ẹ ń po mọ́ ẹ̀kọ yẹn, ṣé ara ọmọ mi kò ní kọ̀ ọ́?” Níbi tó wà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn ìdílé tí ara wọn máa ń kọ nǹkan pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ẹ̀pà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, tí wọ́n gbé jáde ní 2015, ló fi hàn pé ìkìlọ̀ náà kò tọ̀nà. Wọ́n mú àwọn ìkókó 640 tí ewu náà pọ̀ fún, wọ́n fún àwọn kan ní ẹ̀pà láti kékeré, wọ́n ní kí àwọn tó kù yẹra fún un. Nígbà tí wọ́n fi pé ọdún márùn-ún, iye àwọn tí ara wọn kọ̀ ọ́ kéré gan-an láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo ní kó fún un, ní lílọ̀ kúnná nínú ẹ̀kọ, kì í ṣe ní hóró, torí hóró ẹ̀pà lè fún ọmọ lọ́fun pa. Tí èélá líle bá wà lára ọmọ, kó kọ́kọ́ rí dókítà.

Ohun tí mo sọ fún un pé kó má fún ọmọ ni oyin, títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Oyin lè gbé irú kòkòrò kan tó ń fi oró rẹ̀ sọ iṣan ìkókó di aláìlágbára, tó lè dá èémí rẹ̀ dúró. Ó bi mí pé, “Níbi ìsọmọlórúkọ ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. Oyin wà lórí àwo níbẹ̀, iyọ̀ wà níbẹ̀, gbogbo ẹbí sì ń retí kí wọ́n fi kan ahọ́n ọmọ. Ní ti Àdùkẹ́, èmi ni mo tọ́ oyin wò lórúkọ rẹ̀, wọ́n fi omi kan ètè tirẹ̀, àdúrà sì lọ bó ṣe yẹ. Àgbà kan kùn díẹ̀. Bí jọ̀lọ́ọ̀fù bá tilẹ̀ kárí, àgbà kan gbọ́dọ̀ kùn níbi ìsọmọlórúkọ.

Ibi tí a ti ń mọ̀ bóyá ọmọ rí ìpín rẹ̀ gbà ni káàdì tí nọ́ọ̀sì fi ń sàmì sí ìwọ̀n rẹ̀, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni káàdì náà sì ti gbérasọ. Dókítà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ní 1956. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tó ń wọ̀n wọ́n, tó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá á máa gbé lọ sílé. Láti ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé. Ẹ wo káàdì ọmọ mẹ́wàá, ẹ ó rí i pé ìlà tó ń gòkè dáadáa títí di oṣù kẹfà máa ń fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Ti Àdùkẹ́ ṣì ń gòkè. N kò fi ṣe fáàrí, ọmọ mìíràn lè jẹ ohun kan náà kí ibà sì fa tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ilé ìtọ́jú ìlera tí a ń lọ máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ láti fi kọ́ wa ní oúnjẹ ọmọ. A máa ń pàtẹ́wọ́, a máa ń kọrin, wọ́n máa ń gbé ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà sójú tábìlì kí a lè rí i. Obìnrin ni gbogbo wa. Lóṣù tó kọjá, ibi iṣẹ́ kò jẹ́ kí n lè lọ, bàbá Àdùkẹ́ ló gbé e lọ wọ̀n. Ó bá ọjọ́ ẹ̀kọ́ pàdé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ọmọ lórí ẹsẹ̀, ó ń dúró kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wá bá a, ó kí i dáadáa, ó gba ọmọ, ó wọ̀n ọ́n, ó kọ ọ́ sínú káàdì, ó dá ọmọ padà fún un, ó sì ní kó máa lọ sílé, kó sọ fún ìyá ọmọ pé kó rí i pé òun wá lóṣù tó ń bọ̀, torí ọ̀rọ̀ ẹja ni wọ́n fẹ́ sọ.